Ilé Orí Òṣùpá: Ṣé Òjé Ni Kí A Fi Bò Ó, àbí Erùpẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta. Wọ́n ní kí a ya àwòrán ilé tí ènìyàn mẹ́rin lè gbé fún ọdún kan gbáko ní apá gúúsù òṣùpá. Ilé tí a yà rí gbọọrọ bí àgbá, álúmíníọ̀mù ni, ó fẹ̀ ní mítà 4.5, ó sì gùn ní mítà 10. Nítorí ìtànṣán, a fẹ́ fi òjé tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 1 bo gbogbo ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe yàrá ẹ́síréè ní ọsibítù. Ẹnì kan nínú wa ní erùpẹ̀ òṣùpá ló yẹ kí a kó lé e. A kò mọ bí erùpẹ̀ náà yóò ṣe nípọn tó, ẹ̀rù sì ń bà wá pé yóò wó ilé mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá tu ìjì, kí ni kí wọ́n ṣe? Ṣé oògùn ayódíìnì tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ núkílíà lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN

Ẹni tó sọ pé erùpẹ̀ ni nínú yín ló gbà á. Ẹ kọ́kọ́ yọ òjé yẹn kúrò nínú àwòrán. A kò dá yín lẹ́bi, nítorí òjé ni gbogbo wa máa ń rí ní yàrá ẹ́síréè, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ láti òfurufú kì í ṣe ẹ̀yà ẹ́síréè rárá.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ́síréè, irú èyí tí ojú kò lè rí, átọ́ọ̀mù tó bá wúwo bí òjé sì máa ń gbé e mì ni. Ìtànṣán òfurufú ní tirẹ̀ jẹ́ ohun gidi tó ń sáré: kókó inú átọ́ọ̀mù tí gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, tí eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 87 jẹ́ prótọ́ònù (ìyẹn kókó háídrójìn), nǹkan bí 12 jẹ́ kókó hílíọ̀mù, ìwọ̀nba ẹyọ 1 tó kù ni àwọn tó wúwo, títí dé orí irin. Ẹ má fojú di ẹyọ 1 yẹn. Prótọ́ònù 26 ló wà nínú kókó irin, ìpalára tó sì ń ṣe lójú ọ̀nà rẹ̀ nínú ara ènìyàn jẹ́ 26 lọ́nà 26, ìyẹn ìlọ́po 676 ti prótọ́ònù kan ṣoṣo tó ń sá irú eré kan náà. Òun ló ń gé okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ní ibi tó sún mọ́ra, tí ara kò fi ní lè rán an padà bó ṣe yẹ. Jẹjẹrẹ ọjọ́ iwájú ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dá irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ dúró ni kí ó máa fara gbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù títí eré rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, ẹ wá ohun tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ jù nínú kílò kan. Háídrójìn ló gba ipò kìíní, ó fi bí ìlọ́po méjì ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn lọ. Òjé wà lára àwọn tó kẹ́yìn pátápátá. Ìṣòro kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Bí prótọ́ònù alágbára bá gbá kókó òjé, tí èròjà inú rẹ̀ lé ní 200, kókó náà á tú ká, niútírọ́ọ̀nù, ẹyọ kékeré inú kókó átọ́ọ̀mù tó lè pa ara ènìyàn lára, á sì máa fọ́n jáde. Nínú òjé tó nípọn dáadáa, prótọ́ònù kan tí agbára rẹ̀ tó 1 GeV (òṣùwọ̀n agbára irú ẹyọ bẹ́ẹ̀; 1 GeV jẹ́ 1,000 MeV) lè lé nǹkan bí niútírọ́ọ̀nù 20 jáde. Sẹ̀ntímítà 1 tiyín kò tilẹ̀ nípọn tó láti dá a dúró: èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán òfurufú á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun kankan níbẹ̀, ìwọ̀nba tó bá sì gbá a á sọ niútírọ́ọ̀nù sínú ilé.

Ẹ wá wo ìwúwo. Gbogbo ara àgbá yín, pẹ̀lú orí àti ìdí rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 173. Òjé sẹ̀ntímítà 1 lórí rẹ̀ á wọn tọ́ọ̀nù 19.6. Ọkọ̀ tó gbé àwọn ará Apollo 17 sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá, pẹ̀lú gbogbo epo inú rẹ̀, kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 16.4 lọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 19.6 láti ná, pọ́lítíìnì ni kí ẹ fi rà. Pọ́lítíìnì ni wọ́n fi ń ṣe náílọ̀nù píọ́ wọ́tà, háídrójìn sì kún inú rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà á fún yín ní ògiri tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 12 yípo ilé, ààbò rẹ̀ á sì ju ti òjé lọ fíìfíì.

Kí a tó dé orí erùpẹ̀, ẹ yí òṣùwọ̀n yín padà. Sẹ̀ntímítà kọ́ ni a fi ń díwọ̀n ààbò ìtànṣán, ìwúwo tó wà lórí sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kan ni: g/cm². Omi sẹ̀ntímítà 10 jẹ́ 10 g/cm². Afẹ́fẹ́ tó bo orí wa létí òkun jẹ́ nǹkan bí 1,030 g/cm², ìyẹn tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Òun àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé ló ń gbà wá. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́, kò sì ní òòfà tó tó nǹkan.

Iye tó ń dé ara ènìyàn níbẹ̀ kì í ṣe àbá mọ́. Ẹ̀rọ Chang'e 4 ti ilẹ̀ Ṣáínà balẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ẹ̀rọ ìdíwọ̀n tí àwọn ará Yunifásítì Kiel ní Jámánì ṣe sì wà lára rẹ̀. Ohun tó kà ni nǹkan bíi mílísífátì 1.37 lójúmọ́ (òṣùwọ̀n ìpalára ìtànṣán nínú ara ni, mSv ni a ó máa kọ). Ẹ sọ ọ́ di ọdún kan, ó di 500 mSv. Nílé ayé, ohun tí ènìyàn ń gbà láti ara ilẹ̀ àti òfurufú jẹ́ nǹkan bí 2.4 mSv lọ́dún. NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, sì ti fi òpin sí 600 mSv fún gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ arìnrìn-àjò òfurufú kan láyé. Ẹni tó bá fi ọdún kan gbé orí òṣùpá láìní ààbò ti jẹ ìpín gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ kíyè sí i pé àsìkò tí oòrùn dákẹ́ ni wọ́n ka iye yìí. Bí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ìyípo ọdún mọ́kànlá rẹ̀, afẹ́fẹ́ òòfà tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ ń ti ìtànṣán àwọn ìràwọ̀ jíjìn sẹ́yìn, iye náà sì lè wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Fún ìgbà tí oòrùn dákẹ́ ni kí ẹ ṣe ìṣirò yín, torí pé ilé á wà níbẹ̀ ní ìgbà méjèèjì.

Báwo ni erùpẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, nígbà náà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́. Bí ìtànṣán bá wọ erùpẹ̀, àwọn tó wúwo á kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn àfọ́kù náà á lọ gbá átọ́ọ̀mù erùpẹ̀, niútírọ́ọ̀nù á máa tú jáde, á sì máa pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, àwọn ará Apollo 17 ki ọ̀pá ìdíwọ̀n tó gùn ní mítà 2 bọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́. Ohun tí ọ̀pá náà fi hàn ni pé nǹkan bí 150 g/cm² nísàlẹ̀ ni niútírọ́ọ̀nù ti pọ̀ jù. Ìyẹn kò tó mítà kan nínú ilẹ̀ tí a kò tú. Ẹni tó bá kó erùpẹ̀ ìwọ̀n mítà kan lé ilé, tó sì rò pé òun ti parí iṣẹ́, àárín agbo niútírọ́ọ̀nù gan-an ló tẹ́ ibùsùn sí. Ó sàn ju kí ó wà níta lọ, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó làálàá rẹ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ìpalára ti ń já wálẹ̀ gidi. Ìṣirò tó ti wà láti àwọn ọdún 1980 fi hàn pé nǹkan bí 400 g/cm² ni a nílò kí ìtànṣán inú ilé tó wálẹ̀ dé 50 mSv lọ́dún. Ní tiwa, 450 ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe máa sọ 450 yẹn di mítà. Àwọn erùpẹ̀ tí àwọn ará Apollo wa jáde fi hàn pé sẹ̀ntímítà 15 àkọ́kọ́ wọn nǹkan bíi gíráàmù 1.5 ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Láàárín sẹ̀ntímítà 30 sí 60, ó ti di 1.74. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń ṣe ni pé wọ́n á mú iye ti ìsàlẹ̀, wọ́n á fi pín 450, wọ́n á sì kọ mítà 2.6. Wọ́n gbàgbé pé erùpẹ̀ tí a bá ti gbẹ́, tí a sì dà jọ, á tú, á fẹ́lẹ́. 1.5 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé orí iye yẹn. Mítà 3 ló jẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí ara àwòrán pé ìwúwo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yẹ iṣẹ́ wò, kì í ṣe gíga òkìtì.

Bí ẹ bá ri ìdajì àgbá náà sínú ilẹ̀, tí ẹ sì fi mítà 3 bo ìdajì òkè àti orí méjèèjì, erùpẹ̀ tí ẹ máa kó jẹ́ nǹkan bíi mítà kúbíìkì 630, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 950. Tí ó bá jẹ́ pé típà tọ́ọ̀nù 20 ló ń gbé e, típà 48 nìyẹn. Inú àpò ni kí ẹ dì í sí. Erùpẹ̀ tó wà lófìfo á ṣàn sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ó sì nílò ju 950 lọ dáadáa kí ògiri ẹ̀gbẹ́ tó nípọn tó mítà 3. Aṣọ àpò náà gbọ́dọ̀ lè fara da ìtànṣán oòrùn àti òtútù líle. Náílọ̀nù lásán á ya.

Ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin tí ẹ fẹ́ dáàbò bò. Kátápílà tó ń gbẹ́ ìdajì tọ́ọ̀nù ní wákàtí kan á lo wákàtí 1,900, ọjọ́ 79 láìsinmi. Ẹ̀rọ tí a ń darí láti ilé ayé ni kí ó ti ṣe é tán kí wọ́n tó dé. Ìṣòro kan wà tí kátápílà ilé ayé kò mọ̀: lórí òṣùpá, ìwúwo rẹ̀ dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà, nítorí náà bí ó bá ki ẹnu bọ ilẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò tì sẹ́yìn tàbí kí táyà rẹ̀ gbéra nílẹ̀. Àwọn ará NASA ní ibùdó Kennedy yanjú ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ RASSOR wọn, tó ní ìlù agbẹ́lẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń yí lọ́nà òdìkejì ara wọn kí agbára wọn lè pa ara wọn rẹ́. Irú rẹ̀ ni kí ẹ yà.

Ní ti ìbẹ̀rù yín pé ilé á wó, ọkàn yín lè balẹ̀ ní apá kan. Mítà 3 erùpẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 4.5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ṣùgbọ́n lórí òṣùpá, ohun tí yóò fi tẹ òrùlé jẹ́ nǹkan bí 7.3 kPa (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tẹ nǹkan). Afẹ́fẹ́ inú ilé, bí ẹ bá lo 56.5 kPa tí wọ́n ti ń gbèrò fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ń ti òrùlé sókè ní ìlọ́po tó lé ní méje. Àgbá yín fẹ́ bẹ́ síta ni, kò fẹ́ wó sínú. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá jò tán. Lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ń gbé erùpẹ̀ dúró mọ́. Nítorí náà, ẹ ṣe egungun irin tó tẹ̀ bí ọrun, tí yóò dá gbé gbogbo erùpẹ̀ náà, kí ó má fara kan àgbá rárá. Ẹ fi ààyè ìdajì mítà sílẹ̀ láàárín méjèèjì kí ènìyàn lè rá wọlé lọ dí ibi tó ń jò. Ilé tí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Nígbà tí ẹ bá sì ń kó àpò lé e, ẹ máa kó o sọ́tùn-ún sósì ní ìwọ̀n kan náà, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan tó ga ju ìkejì lọ lè tẹ egungun náà wọ́.

Ohun mìíràn tí wọ́n sábà ń gbàgbé ni ooru. Erùpẹ̀ òṣùpá kì í gba ooru kọjá, ó dà bí ìgbà tí ẹ bá fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn wé ilé. Ooru ara ènìyàn mẹ́rin àti ti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé kò ní rí ibi gbà jáde. Ẹ fi páìpù gbé e lọ sí rédíétọ̀ tó wà níta, lókè òkìtì.

Ẹ̀gbẹ́ inú ni kí ẹ wá fi pọ́lítíìnì sí, kì í ṣe ìta. Niútírọ́ọ̀nù tó bá já gba inú erùpẹ̀ kọjá nílò ohun tí yóò gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé ara ènìyàn. Ẹ rántí ọmọ ayò: bí ọ̀kan bá gbá ẹgbẹ́ rẹ̀, ìkejì á gba eré náà; bí ó bá gbá òkúta, á fò padà pẹ̀lú eré rẹ̀. Niútírọ́ọ̀nù àti kókó háídrójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí omi àti pọ́lítíìnì fi ń mú un dáadáa. Irú pọ́lítíìnì kan wà tí wọ́n po bórọ́ọ̀nù mọ́ ní ìwọ̀n 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bórọ́ọ̀nù náà ń gbé niútírọ́ọ̀nù tó ti rẹ̀ mì. Sẹ̀ntímítà 5 rẹ̀ yípo ibi tí wọ́n ń sùn sí kò pọ̀ jù.

Ẹnu ọ̀nà ni ibi tí gbogbo ààbò yìí ti lè di asán. Tààrà ni ìtànṣán ń rìn. Bí ẹ bá la ọ̀nà tó gùn gbọọrọ láti ìta wọ yàrá, ihò lásán ni ẹ dá sínú ògiri mítà 3. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà yà lápá ọ̀tún, kí ó tún yà lápá òsì, kí ẹni tó dúró nínú ilé má lè rí ìta láti ibikíbi. Páìpù àti wáyà náà gbọ́dọ̀ ṣe kọ́rọ́kọ́rọ́ bákan náà. Eruku òṣùpá mú bí dígí tó fọ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nítorí náà ẹ fi ìbòrí sí rọ́bà tó ń dí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ya èyí tí a lè pààrọ̀ láti inú.

Kí ẹ lè dá ara yín lójú, ẹ kọ ìṣirò ọdún kan sílẹ̀ báyìí. Inú ilé: 50 mSv. Ìrìn ìta, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo wákàtí 8 níta lọ́sẹ̀: wákàtí 416 lọ́dún, ní 0.057 mSv ní wákàtí kan, ó di nǹkan bí 24. Ìrìn-àjò àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá lápapọ̀, bí a bá lo 1.84 mSv lójúmọ́ tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ Curiosity kà lójú ọ̀nà Mars láàárín ọdún 2011 sí 2012: nǹkan bí 18. Gbogbo rẹ̀ kò ju 92 lọ, dípò 500. Ẹ rí i pé wákàtí ìta ń jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀rọ kékeré kan tó bá lè nu páńẹ́ẹ̀lì iná fúnra rẹ̀ ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtànṣán bí erùpẹ̀ ṣe ń gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀, a kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kó tọ́ọ̀nù 950, torí pé ọgbọ̀n ọjọ́ lójú ìta gbangba jẹ́ nǹkan bí 41 mSv. Ọ̀rọ̀ ìjì oòrùn nìkan ló kù fún irú wọn.

Ìjì oòrùn yàtọ̀ sí ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ìtànṣán ìràwọ̀ dà bí òjò wínníwínní tí kì í dá. Ìjì oòrùn dà bí àgbàrá. Prótọ́ònù ló kún inú rẹ̀, agbára wọn kò tó ti àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n lè sọ ènìyàn di aláìsàn láàárín wákàtí mélòó kan: èébì, kí mùdùnmúdùn inú eegun má lè ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, ìjì kan tó le gan-an ṣẹlẹ̀ láàárín ìrìn-àjò Apollo 16, tó wáyé ní oṣù kẹrin, àti Apollo 17 ti oṣù Kejìlá. Ká ní àwọn kan wà lórí òṣùpá nínú aṣọ ìrìn-ìta lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ wọn ì bá burú.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ìjì yìí rọrùn láti dá dúró. Prótọ́ònù 100 MeV kò lè kọjá omi sẹ̀ntímítà 8. Ti 200 MeV nílò sẹ̀ntímítà 26. Nínú ilé tí mítà 3 erùpẹ̀ bò, ẹni tó wà nílé kò ní nílò yàrá ààbò kankan. Ẹni tó wà níta ni kí ẹ máa rò, àti àwọn tó bá dé kí erùpẹ̀ tó pé. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù oòrùn ń dé láàárín ìṣẹ́jú 8. Àwọn prótọ́ònù sábà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2005, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ti dé. Fún ìdí èyí, ẹ kọ òfin yìí sí ìwé yín: ọkọ̀ tí kò ní ààbò tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ilé. Èyí tó bá ń lọ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé àpò omi tí wọ́n lè tò yípo ara wọn.

Àwọn ará NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, ń kéde ìjì prótọ́ònù láti S1 dé S5, ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. S1 ni kí gbogbo ènìyàn fi wọlé, kí wọ́n má dúró de S2. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìkéde láti ayé nìkan. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yára máa ń ṣáájú prótọ́ònù dé, ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n lókè ilé yín lè fún yín ní ìkìlọ̀ tó ṣáájú.

Fún àsìkò tí erùpẹ̀ kò tíì pé, ẹ ya yàrá ààbò sí àárín ilé, mítà 2 sí mítà 2, gíga mítà 1.5, pẹ̀lú táǹkì omi tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 20 ní ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lókè. Ìsàlẹ̀ kò pọn dandan, torí pé òṣùpá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Omi náà á tó lítà 3,800. Bí a bá fi báàgì píọ́ wọ́tà kà á, báàgì 380 ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe méjì ti ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, omi mímu kan náà ni wọ́n máa ń fi ṣe ògiri, bí wọ́n bá sì ń mu ún, ààbò ń fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ ṣe é kí omi ìdọ̀tí tàbí pàǹtírí tí a tẹ̀ pọ̀ máa rọ́pò ohun tó bá kúrò. Èkejì ni èémí. Ènìyàn kan ń mí nǹkan bíi kílò 1 afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí síta lójúmọ́. Ènìyàn mẹ́rin nínú mítà kúbíìkì 6 tí a dí pa á sọ ọ́ di 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan, bí wákàtí kejì bá sì pé, orí á ti máa fọ́ wọn. Ìjì lè gbà tó ọjọ́ méjì. Ẹ fi fáànù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó kọ́rọ́ sí i, kí ibi ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe to ẹrù nínú ilé náà ṣe pàtàkì. Nínú ọkọ̀ Orion tí Artemis I, ìrìn-àjò ìdánwò NASA lọ sí òṣùpá, gbé lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn ère ènìyàn méjì, Helga àti Zohar, wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdíwọ̀n lára. Ìtànṣán tí wọ́n kà níbì kan nínú ọkọ̀ kan náà fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti ibòmíràn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà yí ara rẹ̀ padà ní ìdá mẹ́rin àyíká bí ó ṣe ń kọjá nínú àgbègbè prótọ́ònù tó yí ayé ká, ìtànṣán inú rẹ̀ já sí ìdajì. Nítorí náà, ibùsùn kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ibi ìkẹ́rù, táǹkì àti ilé ìdáná sí ìta, kí ibi tí wọ́n ti ń sùn wákàtí mẹ́jọ wà láàárín.

Ẹnì kan lè bi yín nípa lílo òòfà ńlá dípò erùpẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ jóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà, ẹ̀rọ amútútù àti iná tí yóò jẹ kò tíì dé ìwọ̀n tí a lè gbé. Bí iná bá lọ, ààbò ti lọ nìyẹn. Erùpẹ̀ kì í kú.

Oògùn ayódíìnì kò wúlò níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni kí ọrùn ènìyàn ti kún fún ayódíìnì tó dára kí èyí tó ní ìtànṣán má lè ráyè wọ ibẹ̀, kò sì sí irú ayódíìnì bẹ́ẹ̀ nínú ìtànṣán òfurufú. Ohun tí ẹ lè fi sí àpótí ìṣègùn wọn ni oògùn tó ń dá èébì dúró, ohun èlò tí wọ́n lè fi ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìjì, àti filgrastim, tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2015 fún ẹni tí ìtànṣán bá ti ba mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ ni, òtútù 2 sí 8°C ni a sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ya fìríìjì kékeré kan fún un nínú yàrá ààbò, kì í ṣe ní ilé ìdáná, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ ìjì má baà ní láti jáde síta lọ mú un.